Ta Ló Ti Kó Lọ, Ta Ló Kàn Dákẹ́? Ọ̀rọ̀ àsọyé lórí bí a ṣe ń dá ìfitónilétí dúró fún ẹni tí kò ṣí áàpù mọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ áàpù, ẹ̀yin tí ẹ ń fi áàpù tajà, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín ni láti máa kọ àwọn ìfitónilétí tó ń dún lápò àwọn èèyàn ní kùtùkùtù òwúrọ̀, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Bí áàpù yín bá sọ fún yín pé òun ti fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sí ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn, mélòó nínú wọn ló wà níbẹ̀ ní tòótọ́? Mélòó ló ti pa áàpù náà rẹ́? Mélòó ni fóònù wọn ti já sómi? Bí ẹ kò bá lè dáhùn, ẹ kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ dùn tàbí kò dùn, nítorí ẹ kò mọ iye etí tó gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mò ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sùn kó tó débẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni ìdákẹ́. Ẹni tí kò bá mọ irú èyí tó wà níwájú rẹ̀ yóò máa bá òkú sọ̀rọ̀, yóò sì máa sin ẹni tó wà láàyè.

Apá kìíní: oríṣi ìdákẹ́ mẹ́ta

Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà á ké pé, "Àgò onílé o!" Bí kò bá gbọ́ "àgò yà", ohun mẹ́ta ló lè fà á. Onílé lè ti kó lọ. Onílé lè ti tilẹ̀kùn, kó sọ pé òun ò fẹ́ àlejò. Ó sì lè wà nínú ilé, kó gbọ́, kó má kàn dáhùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni pé a máa ń da àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kan, a ó sì fi òfin kan ṣoṣo bá wọn lò.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ti kó lọ. Token ni àmì àdírẹ́sì tí ìfitónilétí fi ń mọ ibi tó ń lọ. Google ló ń fún fóònù Android ní tirẹ̀ nípasẹ̀ Firebase Cloud Messaging, tí à ń pè ní FCM. Apple ló ń fún iPhone nípasẹ̀ APNs (Apple Push Notification service), tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2009. Token kì í ṣe ti èèyàn. Ti áàpù kan lórí fóònù kan ni. Bí ẹni náà bá yọ áàpù kúrò, bí ó bá nu fóònù rẹ̀ mọ́ pátápátá, bí ó bá kó ohun inú rẹ̀ lọ sórí fóònù tuntun, token àtijọ́ ti kú. FCM á dá yín lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà àṣìṣe 404 àti ọ̀rọ̀ náà UNREGISTERED. APNs á dáhùn pẹ̀lú 410 àti Unregistered, á sì fi àkókò kan kún un.

Ṣé kíá ni ìdáhùn yẹn máa ń dé? Rárá o. Apple mọ̀ọ́mọ̀ ń fa 410 sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi mọ ọjọ́ gan-an tí èèyàn pa áàpù rẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi 410 ka iye àwọn tó ń yọ áàpù yín kúrò lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan; iye tí ẹ máa rí kò ní jẹ́ òótọ́. Ní ti Android, bí áàpù kan kò bá kan sí FCM fún ọjọ́ 270, FCM fúnra rẹ̀ á pa token náà. Ọjọ́ 270! Oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn, ìwọ̀n àkókò tí aboyún fi ń lóyún kó tó bí. Ta ló fẹ́ dúró dìgbà yẹn?

Ẹni tó tilẹ̀kùn yàtọ̀. Láti Android 13, tó jáde lọ́dún 2022, áàpù gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó lè fi ìfitónilétí hàn. iPhone ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gbà lónìí lè lọ sínú ètò fóònù rẹ̀ lọ́la kó pa á. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú rèé: bí ẹ bá fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sí i, FCM á sọ pé ó ti lọ, láìsí àléébù kankan. Ó sì lọ lóòótọ́! Fóònù gbà á, ó gbé e mì, kò fi hàn ẹnikẹ́ni. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà yín tó ń fi ìfitónilétí ránṣẹ́, kò lè mọ̀. Fóònù nìkan ló lè sọ fún yín, ìyẹn tí ẹ bá bi í: `areNotificationsEnabled()` lórí Android, `getNotificationSettings` lórí iPhone. Ẹ bi í ní gbogbo ìgbà tí ẹni náà bá ṣí áàpù, kí ẹ fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí sáfà. Ẹ tún yẹ ìkànnì kọ̀ọ̀kan wò, ìyẹn ìsọ̀rí tí a pín ìfitónilétí sí, nítorí láti Android 8 ni èèyàn ti lè pa ìkànnì ìpolówó, kó sì fi èyí tó kù sílẹ̀. Ẹ rántí pé ẹni tó tilẹ̀kùn yìí lè máa ṣí áàpù yín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Kò kúrò níbì kan. Ariwo yín ni kò fẹ́.

Ẹni kẹta ló wà nílé tí kò dáhùn. Token rẹ̀ pé, àyè wà, ṣùgbọ́n kò ṣí áàpù láti oṣù méjì. Ẹ má bú u. Dátà lè wọ́n lójú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò nílò yín lóṣù yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé fóònù rẹ̀ náà ń ṣọ́ yín. Láti Android 11 ni fóònù ti ń gba àwọn àyè padà lọ́wọ́ áàpù tí a kò lò fún oṣù mélòó kan. Android 12 wá fi oorun gígùn kún un: áàpù tó bá ti sùn báyìí kò ní rí ìfitónilétí kankan gbà, àní èyí tí ẹ sàmì sí pé ó jẹ́ kánjúkánjú. Bákan náà ni áàpù tí èèyàn bá lọ tẹ "Force stop" fún: kò ní gbọ́ nǹkan kan títí ẹni náà fi máa ṣí i fúnra rẹ̀.

Apá kejì: kí ló fi hàn pé èèyàn wà níbẹ̀?

Ohun kan ṣoṣo ni: kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí áàpù, kí áàpù sì hàn lójú fóònù. Ohun tó kù lè parọ́.

Irọ́ tó burú jù lọ ni èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ń dá sílẹ̀. Sáfà fi ìfitónilétí ìdákẹ́jẹ́ ránṣẹ́, irú èyí tí kì í hàn lójú fóònù, kí áàpù lè mú dátà tuntun wọlé. Áàpù jí lábẹ́lẹ̀, ó kan sí sáfà. Sáfà rí i pé ẹnì kan kàn sí òun, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni yìí wà níbí lónìí. Ṣé ẹ rí i? Ìfiránṣẹ́ yín ló bí ẹ̀rí náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní dákẹ́ láéláé nínú ìwé yín, bí ó tilẹ̀ ti gbàgbé pé áàpù yín wà. Oògùn rẹ̀ ni òpó méjì nínú àtẹ yín: `last_opened_at` fún ìgbà tí èèyàn ṣí i, `last_contact_at` fún ìgbà tí ẹ̀rọ kàn sí yín. Ti àkọ́kọ́ lẹ ó fi ṣe ìdájọ́. Ti èkejì wúlò fún títọ́jú token nìkan.

Lórí Android, `ProcessLifecycleOwner` ló máa sọ fún yín pé áàpù ti bọ́ síwájú. Lórí iPhone, `didBecomeActive` ni. Kò pọn dandan kí ẹ ránṣẹ́ sí sáfà ní gbogbo ìgbà; ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí mẹ́fà tó. Aago sáfà ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti fóònù, nítorí àwọn fóònù kan wà tí ọdún wọn ṣì wà ní 2019. Bí ẹni náà bá ṣí áàpù láìsí dátà, kí áàpù fi pamọ́, kó fi ránṣẹ́ nígbà tí dátà bá dé. Bí ọjọ́ kan tàbí méjì bá yẹ̀ lórí rẹ̀, kò ba nǹkan jẹ́.

Báwo la ṣe ń to àtẹ náà? Ìlà kan fún token kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìlà kan fún èèyàn kọ̀ọ̀kan. Nínú ìlà náà ni token wà, ẹni tó ni ín, irú fóònù, ọjọ́ méjèèjì tí mo sọ, ọjọ́ tí token dé, bóyá àyè wà fún ìfitónilétí, àti ipò tó wà. Ẹnì kan lè ní fóònù méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́, kí èkejì wà nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú ojú fífọ́. Bí ẹ bá ka èèyàn dípò token, ẹ ó máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sínú dúrọ́ọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí áàpù yín jẹ mọ́ owó. Nílé wa, fóònù kan lè wà fún èèyàn méjì. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan wọlé sórí áàpù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, ó jáde, ọmọ rẹ̀ wá wọlé pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Token kò yí padà, fóònù kan náà ni. Bí sáfà kò bá já token náà kúrò lára ìyá, ìgbà tí owó bá wọ àpò ìyá, ojú ọmọ ló máa hàn sí. Ọ̀rọ̀ ilé lè dà rú nítorí ìlà kan nínú àtẹ. Nítorí náà, kí token jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú àtẹ. Ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ló ni ín. Nígbà tí ẹnì kan bá jáde, kí sáfà já a kúrò lójú ẹsẹ̀, kí áàpù sì pa token náà rẹ́ kó gba tuntun.

Apá kẹta: ọjọ́ mélòó ló jẹ́ ìdákẹ́?

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ gbọ́ iye kan. Ọgbọ̀n ọjọ́, àbí? Kò sí iye tó bá gbogbo áàpù mu. Lórí áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá ti pẹ́. Lórí áàpù owó ilé ìwé, òbí lè ṣí i lẹ́ẹ̀mẹta péré lọ́dún, nígbà tí sáà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sọ òbí yẹn di òkú lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ ti sin oníbàárà yín tó dára jù lọ.

Ẹ wádìí lọ́wọ́ dátà tiyín. Ẹ kó ọdún kan sílẹ̀. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn àlàfo láàárín ìgbà kan tó ṣí áàpù àti ìgbà kejì. Ẹ to gbogbo àlàfo náà láti kékeré sí ńlá, kí ẹ wá iye ọjọ́ tí àlàfo 95 nínú 100 kò kọjá. Ká ní ó jẹ́ ọjọ́ 41. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti ju ọjọ́ 41 lọ láìṣí áàpù ti ń ṣe ohun tí àwọn tó máa ń padà kì í sábà ṣe. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ohùn yín sílẹ̀.

Ọ̀fìn méjì wà níbẹ̀. Ẹni tó fi áàpù sórí fóònù, tó ṣí i lẹ́ẹ̀kan, tí kò padà mọ́, kò ní àlàfo kankan, kò sì ní sí nínú ìṣirò yín. Ẹ ya òun àti àwọn bíi tirẹ̀ sọ́tọ̀: ìfitónilétí mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, lẹ́yìn náà ẹ fi í sílẹ̀. Èkejì ni àkókò ọdún. Ìsinmi ilé ìwé, oṣù ààwẹ̀ àti ọdún Kérésì máa ń na àlàfo. Ọdún kan odindi ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe oṣù mẹ́ta.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe gé e lójijì. Ìwọ̀n tí mo máa gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn rèé. Títí dé ọjọ́ 41 yẹn, kó gba gbogbo rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ìlọ́po rẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó sì jẹ́ èyí tó wúlò jù. Bó bá kọjá ìlọ́po méjì, ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ẹ ṣì fẹ́ máa gbọ́ látọ̀dọ̀ wa?", pẹ̀lú bọ́tìnì méjì. Bí kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ dákẹ́. Ẹ má fi "àárò yín ń sọ wá" ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀méje. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni tí inú bá bí, tó lọ pa ìfitónilétí, kì í sábà padà tàn án, nítorí lórí Android 13 síwájú, ẹni tó bá ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, áàpù kò lè bi í mọ́. Àfi kó fúnra rẹ̀ wọ inú ètò fóònù lọ tàn án. Ẹ̀yin náà, ìgbà wo lẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún áàpù kankan gbẹ̀yìn?

Kí ẹ tó gbà pé ìdákẹ́ yín kò pa yín lára, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tó yẹ kí ẹ dá dúró, kí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kó jẹ́ ìṣirò ẹ̀rọ lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn ló yàn wọ́n, kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wò ó: àwọn wo ló padà jù? Àwọn wo ló pa áàpù rẹ́ jù? Èsì yẹn ni ẹ ó gbé lọ bá ọ̀gá tó ní kí ẹ má dá ìpolówó dúró.

Apá kẹrin: ohun tí a kò gbọ́dọ̀ dá dúró

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí kò ṣí áàpù báńkì fún oṣù márùn-ún, tí ẹnì kan wá yọ owó nínú àpò rẹ̀ lóru, ta ló yẹ kó gbọ́ ju òun lọ? Òfin ìdákẹ́ kò gbọ́dọ̀ kan ìfitónilétí owó tó wọlé tàbí tó jáde, nọ́ńbà ìjẹ́rìísí, ìkìlọ̀ pé ẹnì kan wọlé láti orí fóònù tuntun, tàbí ọjà tí ẹnì kan ti san owó rẹ̀ tó wà lọ́nà.

Báwo la ṣe ń dáàbò bò ó? Kí ìfitónilétí kọ̀ọ̀kan ní irú lára láti ìgbà tí a ti dá a, kí asẹ́ sì wà níbi tí gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde nínú sáfà. Ẹ má fi í lé àwọn tó ń kọ ìpolówó lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ kí ìpolówó rẹ̀ dé lè pè é ní "ìkìlọ̀". Ìkànnì ọ̀tọ̀ fún owó, ìkànnì ọ̀tọ̀ fún ìpolówó, kí ẹni tó bá fẹ́ pa ọ̀kan má baà pa méjèèjì. Bí token bá ti kú, SMS ni kí ìkìlọ̀ owó gbà. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò dátà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 12 Oṣù Kẹfà 2023 fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí a má lo dátà òun fún ìpolówó. Ẹni tó bá ti sọ pé òun kò fẹ́, ẹ má dúró de ọjọ́ 41 kankan.

Apá karùn-ún: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nìyí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀ sí i.

Èyí tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni topic, ìyẹn ẹgbẹ́ token tí FCM tọ́jú kí a lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pọ̀. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ sí topic lórí FCM, bí ẹ tilẹ̀ kọ "dákẹ́" sí gbogbo ìlà inú àtẹ yín, topic kò mọ àtẹ yín. Ìfitónilétí á ṣì máa lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ token kúrò nínú topic gan-an, 1,000 lẹ́ẹ̀kan ni FCM máa ń gbà. Bí ẹni náà bá padà, ẹ tún gbọ́dọ̀ dá a padà sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìpakúpa token. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. UNREGISTERED dájú, ẹ lè pa á. Ṣùgbọ́n 400 INVALID_ARGUMENT ní ojú méjì. Ó lè jẹ́ pé token náà kò dára, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ gùn ju 4,096 bytes lọ. Bí kóòdù yín bá ń pa token ní gbogbo ìgbà tó bá rí 400, ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi ìpolówó gígùn ránṣẹ́ ni gbogbo oníbàárà yín máa pòórá nínú àtẹ. Lórí APNs, BadDeviceToken sábà máa ń jẹ́ pé token ti ìdánwò ni ẹ gbé lọ sí sáfà gidi, tàbí òdìkejì rẹ̀. 429 àti 503 kò sọ pé token ti kú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú, kí ìdúró náà sì máa gùn sí i. 403 SENDER_ID_MISMATCH ní tirẹ̀ sọ pé token náà wà fún iṣẹ́ àkànṣe mìíràn.

Nítorí náà, ẹ fi bíréèkì sí i. Ìdìpọ̀ 500 ni irinṣẹ́ FCM fún sáfà (Admin SDK) máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún bá kú nínú ìdìpọ̀ kan, kí ẹ̀rọ dúró, kó má pa ẹnikẹ́ni, kó pe èèyàn. Bí ó bá sì fẹ́ pa, kó kọ́kọ́ kọ ọjọ́ ikú sí ìlà náà. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ ni kó tó nù ún kúrò. Àkókò tí APNs fi kún 410 jẹ́ ti milisẹ́kọ́ǹdù: bí token náà bá ti tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn àkókò yẹn, ẹ fi í sílẹ̀, ẹni náà ti padà.

Èyí tó kẹ́yìn ni àkójọ ìfitónilétí. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, FCM á tọ́jú ìfitónilétí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó pa fóònù rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó tàn án lówùúrọ̀, lè rí ìpolówó àná, ti ìjẹta àti ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí wọ́n ń dún léraléra. Ẹ fún ìpolówó ní `ttl` (iye àkókò tí a ó fi tọ́jú rẹ̀) wákàtí mẹ́fà, ìyẹn 21,600 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì lo `collapse_key` kí tuntun lè rọ́pò ti àtijọ́. Ẹ ṣọ́ra lórí iPhone: àkókò gan-an tí ọ̀rọ̀ máa parí, tí a kà ní ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ni `apns-expiration` ń fẹ́, kì í ṣe iye ìṣẹ́jú àáyá tó kù. Ẹni tó kọ 21,600 síbẹ̀ ti sọ fún Apple pé ọ̀rọ̀ náà parí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970.

Tí ẹni tó dákẹ́ bá wá padà ńkọ́? Ọjọ́ tó bá ṣí áàpù ni ipò rẹ̀ yí padà, láìdúró de iṣẹ́ òru. Ẹ má da ohun tó pàdánù lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú àpótí ọ̀rọ̀ inú áàpù, kó kà wọ́n bó bá wù ú. Ọ̀sẹ̀ kìíní rẹ̀, ìfitónilétí kan tàbí méjì, kó tó padà sí ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Bí àyè ìfitónilétí rẹ̀ bá ti di pípa nígbà tó sùn, ẹ má bi í lójú ẹsẹ̀ tó wọlé. Ẹ dúró di ìgbà tó bá ṣe nǹkan tó nílò ìròyìn, bíi kó ra ọjà tàbí kó fi owó ránṣẹ́. Nígbà náà ni kí ẹ bi í.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.